Eku Òyìnbó àti Ọwọ́ Ìyá Mi

Ọjọ́ tí ọkọ mi gbé eku wọlé wa, mo kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Kì í ṣe eku tó yọ́ wọlé o. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi gbé méjì wá, nínú ilé onírin kan tó ń dán. Ó gbé e lé itan lẹ́yìn zẹ́míjàn láti èbúté, ó gba orí afárá kọjá láàárín gbogbo èrò, títí dé ẹnu ọ̀nà wa ní Akpakpa. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó gbé e wá pàápàá dá alùpùpù rẹ̀ dúró, ó ń wò mí bí ẹni pé kí n bá ọkọ mi sọ̀rọ̀.

"Kí lèyí?" ni mo bi í.

"Amusitẹ́ ni, eku òyìnbó. Pátírọ̀n mi, ọ̀gá wa òyìnbó ní èbúté, ń padà sílùú wọn, ó ní òun ò lè gbé wọn wọ bàálù. Ó ní kí n máa sìn wọ́n."

"Ká máa sìn wọ́n ṣe kí ni?"

"Ká máa wò wọ́n."

Mo wo ọkọ mi, mo wo eku, mo tún wo ọkọ mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, oríṣi eku méjì ni mo mọ̀: èyí tí à ń pa àti èyí tí à ń jẹ. Ọ̀yà nìkan ni mo rí tí àwọn èèyàn ń sìn, ẹni tó ń sìn ín náà sì mọ̀ pé inú ìkòkò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa parí sí. Ṣùgbọ́n èyí? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Irun wọn rí bí eérú, ìlà dúdú kan gba ẹ̀yìn wọn kọjá láti àárín orí dé ìdí, ìrù wọn kò sì tó ohun tí èèyàn ń pè nírù. Ojú wọn dúdú, ó yọ síta, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kan dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, ó ká ọwọ́ sáyà, ó tẹjú mọ́ mi. Orí mi wú.

Kì í ṣe pé mo kàn ń ṣe ojo. Oyún wà nínú mi nígbà náà, kì í sì í ṣe oyún tí mo lè fi ṣeré. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ bàjẹ́ kí n tó rí aṣọ aboyún rán fún ara mi, èmi tí mo ń rán ti gbogbo àdúgbò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù ohun gbogbo. Mò ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn, mò ń bẹ̀rù ẹran tí kò jinná, mò ń bẹ̀rù àlá. Ohun kan ṣoṣo ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀: ìyá mi ń bọ̀ láti Ṣakété wá wẹ ọmọ mi.

Ẹni tí kò mọ ìyá mi kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ọmọ kan nínú ẹbí wa tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti òrí ra lára. Ọwọ́ náà tóbi, ó le, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rí bí awọ, síbẹ̀ ọmọ tuntun á ti sùn lọ nínú rẹ̀ kí kàn-ìn-kàn-ìn tó dé ẹsẹ̀. Àwọn àbúrò bàbá mi tí wọ́n ti nírùngbọ̀n, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe agídí níwájú rẹ̀, ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé, "Èmi tí mo ti mọ ìdí rẹ kí n tó mọ ojú rẹ?" Wọ́n á dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí oyún mi àkọ́kọ́ lọ, ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá mi ti ra òrí sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ó wẹ ọmọ mi. Mi ò fẹ́ ohun mìíràn láyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá ń gbé eku wọ irú ilé bẹ́ẹ̀?

"Ẹ dá wọn padà," ni mo wí.

"Ọ̀dọ̀ ta? Pátírọ̀n ti wọ bàálù."

Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn. Mi ò kọ́kọ́ sún mọ́ wọn. Ọkọ mi ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó lọ gba lẹ́búlẹ́bú pákó lọ́dọ̀ káfíńtà, ó dà á sísàlẹ̀ ilé wọn. Ó bu iyanrìn etí òkun sínú àwo kékeré kan, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wẹ̀. Mo ní omi ńkọ́, ó ní wọn kì í fi omi kan ara. Ó ń ra jéró fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo ká a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí ọbẹ̀ mi, tó ń yan èyí tó tóbi nínú rẹ̀ fún eku, ẹnu yà mí débi tí mi ò lè jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fáànù ni kò ṣeé gbójú fò. Ooru ìgbà náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ ń lẹ̀ mọ́ mi lára kí n tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti ibi iṣẹ́ wọlé, mo rí fáànù kan ṣoṣo tí a ní, eku ló kọjú sí.

"Ooru máa ń pa wọ́n," ni ọkọ mi wí.

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ tóbi jù wọ́n lọ."

Ẹ̀yin ni mo máa ń pe ọkọ mi, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Lọ́jọ́ yẹn, "ìwọ" tí mo pè é pọ̀ tó èyí tó máa tó wa dọjọ́ ogbó.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni mo wá fẹ́ràn wọn, ojú sì ń tì mí láti sọ ohun tó fà á. Mo da ègé aṣọ tó ṣẹ́kù lára ìránṣọ mi sínú ilé wọn. Wọ́n fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kó o sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn, wọ́n gbé e lọ sí kọ̀rọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n tún un tẹ́, wọ́n yí i ká. Ibùsùn ni wọ́n ń ṣe. Èmi náà ń tẹ́ ibùsùn kékeré kan nínú yàrá nígbà náà, mò ń ká a kúrò, mò ń tún un tẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò da ègé aṣọ nù mọ́.

Ìyá mi dé pẹ̀lú ẹrù bí ẹni tó ń kó lọ sílé ọkọ: ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn tuntun, òrí tí ó dì sínú ewé, ẹja yíyan. Kò tíì kí mi tán tí ojú rẹ̀ fi bá ilé onírin náà.

"Ọ̀yà yín ò mà tètè dàgbà," ni ó wí.

"Ìyá, kì í ṣe ọ̀yà. Eku òyìnbó ni."

"Ṣé wọ́n á tóbi tó ọ̀yà?"

"Bí wọ́n ṣe máa mọ nìyẹn."

"Ọbẹ̀ wo lẹ wá fẹ́ fi wọ́n sè?"

Ọkọ mi jókòó, ó ṣàlàyé fún un pé ńṣe ni èèyàn máa ń wò wọ́n, pé wọ́n máa ń tu èèyàn lára. Ìyá mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Hẹ̀ẹ́n. Àna mi, Ọlọ́run á bá wa ṣe é," ó sì lọ ṣe àlùwàlá.

Nírọ̀lẹ́, á jókòó lẹ́yìn mi lórí ẹní, á fi òrí ra ẹ̀yìn mi àti ìbàdí mi. Àwọn eku á ti jí nígbà náà, wọ́n á máa sáré lórí kẹ̀kẹ́ kékeré inú ilé wọn, tí ń yí, tí kì í lọ síbì kankan. "Ibo lèyí ń sá lọ?" ni ìyá mi máa ń bèèrè. "Ta ló ń lé e?" Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Bí ó bá ń kọjá, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, òórùn òrí àti ti èéfín ẹja gba gbogbo yàrá, gbogbo ẹ̀rù tó wà lára mi á sì sùn. Mo rántí pé mo sọ nínú ọkàn mi pé ayé mi ti gún régé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá mi figbe pè mí láti yàrá. Mo rò pé ejò ni. Mo dé ibẹ̀, mo bá a tó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú ilé eku, ó ń fi ìka tọ́ka sí inú ibùsùn aṣọ náà. Àwọn nǹkan pupa kan wà níbẹ̀, wọn ò nírun, wọn ò lójú, wọ́n tóbi tó ẹ̀wà, wọ́n sì ń mira.

Ọkọ mi ti ẹ̀yìn wa yọjú. "Pátírọ̀n ní abo ni méjèèjì," ni ó wí. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè pa á dé.

"Pátírọ̀n yín," ni ìyá mi wí, "ṣé ó gbé wọn sókè wò ni?"

Inú ìyá mi dùn ju bí ó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn nítorí eku. Ó ní ilé tí ẹran ọ̀sìn bá ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, aboyún ibẹ̀ ti rí tirẹ̀ ná. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn mi, ó ṣe àdúrà gígùn, mo sì ṣe àmín tọkàntọkàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbà á gbọ́. Mo rí àwọn ohun pupa wọ̀nyẹn, mo sì gbà pé Ọlọ́run ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá mi wá ká apá aṣọ sókè. Iṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó kọ́kọ́ yọ bàbá ọmọ síta. Ó ní ọkọ kì í sùn ti ìyá ọmọ tuntun, ó jù ú sínú garawa kan pẹ̀lú jéró díẹ̀, ó ní kó lọ máa ro tara rẹ̀ níbẹ̀. Ó po ẹ̀kọ gbígbóná sínú ìdérí ìgò, ó gbé e síwájú ìyá ọmọ, kí omi ọmú lè sọ̀. "Ẹ kú ewu," ni ó ń sọ fún un. "Ẹ kú ewu ọmọ o. Wọ́n á jẹ́ tìrẹ." Ó pàlẹ̀ ibùsùn wọn mọ́, ó ní ó ń rùn, ó kó gbogbo rẹ̀ dànù, ó sì tẹ́ òwú funfun tuntun síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó pe ìyá onílé wa.

Ọmọ Gùn ni ìyá onílé, obìnrin tó mọ ẹ̀rín rín dáadáa. Ó wá pẹ̀lú gbogbo obìnrin inú ọgbà, ẹnì kan kò ṣẹ́kù sẹ́yìn. "Mawu o!" ni ó fi èdè wọn ké pe Ọlọ́run, ó pàtẹ́wọ́, ó sì tẹ́wọ́ kí wọ́n gbé ọ̀kan fún òun. Gbogbo wọn ló gbà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní èyí jọ bàbá rẹ̀. Òmíràn bèèrè ọjọ́ tí a máa sọ wọ́n lórúkọ, kí òun lè mọ aṣọ tí òun máa wọ̀. Mo jókòó sórí àga pẹ̀lú ikùn mi níwájú, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

"Ó yá," ni ìyá mi wí, "ọmọ tuntun kì í pẹ́ láìwẹ̀."

Ó ki òwú bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ńlá yẹn! Kò gbọ̀n, kò tẹ ẹnikẹ́ni. Ó fi orí ìka kékeré bu òrí, ó fi ra wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń kọrin tí ó máa ń kọ fún àwọn ọmọ wa. Omi lé ròrò sójú mi, torí ọmọ tèmi ni mò ń rí nínú ọwọ́ náà. Ó kó wọn padà sórí òwú, ara wọn ń dán, wọ́n ń ta sánsán, gbogbo ilé sì tú ká.

Ọ̀sán ti rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo tún lọ wò wọ́n. Ìyá mi wà lórí ẹní ìkírun. Ọkọ mi ń sùn, torí ọjọ́ ìsinmi ni. Ìyá eku jókòó sórí ìdí rẹ̀ láàárín òwú funfun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan mú, ó ń jẹ ẹ́ wéréwéré bó ṣe máa ń jẹ ẹ̀pà. Mo rò pé ẹ̀pà ni. Mo tẹ̀ síwájú kí n lè rí ibi tó ti rí ẹ̀pà. Mo rí ẹsẹ̀.

Òrí ṣì ń dán lára ẹsẹ̀ náà.

Mi ò mọ bí igbe mi ṣe rí. Àwọn tó wà lójú títì gbọ́ ọ, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Mo wá àwọn yòókù lórí òwú, kò sí ìkankan. Mo fara ti ògiri. A máa ń sọ pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Èyí ti ń jẹ ti tirẹ̀, ó tún ń fi ọwọ́ nu ẹnu. Ìyá mi já ìrun, ó sáré dé, ó rí i, ó sì ṣe ohun tí ìyá ẹnikẹ́ni máa ṣe: ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lójú kí aboyún má baà rí irú rẹ̀ mọ́.

Òórùn òrí náà gbá mi nímú. Òórùn àwọn ọmọ yẹn gan-an ni. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ta ọwọ́ rẹ̀ dànù, mo sì ń wò ó bí ẹni tí mi ò rí rí.

Ọkọ mi ti jí. Ó wo inú ilé onírin, ó wò wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì mú pọ́tábù rẹ̀, ìyẹn fóònù. Báyìí ni ó rí: bí nǹkan bá dẹ́rù bà á, àfi kó wá ibi tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀. Ó ń kà á lédè Faransé lábẹ́ ètè, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní wọ́n ní imú ni ìyá wọn fi máa ń mọ ọmọ. Ó ní wọ́n ní bí ọwọ́ èèyàn bá kàn wọ́n, tí òórùn mìíràn bá lẹ̀ mọ́ wọn, tàbí tí wọ́n bá da ibùsùn rẹ̀ rú, ìpayà á bá a, kò ní mọ̀ wọ́n mọ́, yóò sì jẹ wọ́n. Kò fi bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kà á bí ó ṣe rí i ni, títí ó fi gbójú sókè, tí ó sì rí ìyá mi.

Ìyá mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yí i wò níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn. Ó lọ sẹ́yìn ilé, a sì gbọ́ tí omi ń dà, tí ó dá dúró, tí ó tún ń dà.

Ẹ̀rù tí mo ti rò pé ó sùn jí lọ́jọ́ náà. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. Mo máa ń gbé ọwọ́ lé ikùn mi, màá wá bi ara mi léèrè pé bí wọ́n bá gbé e lé mi lọ́wọ́ tí mi ò mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ìyá eku náà ti tẹ́ ibùsùn bí mo ṣe ń tẹ́ tèmi. Ó ti yí i ká bí mo ṣe ń yí i ká. Ọkọ mi dá bàbá ọmọ padà sílé onírin, ó ní kí wọ́n jọ máa bá ara wọn kẹ́dùn. Wọn ò kẹ́dùn kankan. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà.

Ìyá mi kò fi òrí ra mí lẹ́yìn mọ́. Ó ní ọrùn ọwọ́ ń dùn òun. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbálẹ̀, ó ń kí mi, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fún mi ní nǹkan, orí tábìlì ni ó ń gbé e kà. Mo rò pé inú ń bí i torí mo ta ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Kí lo ṣe?" ó sì yí ojú sí ìkòkò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì tún bí mi nínú. Mo ní kí ọkọ mi bá mi bi í. Ọkọ mi ní òun ò lè bi àna òun nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Mo bímọ láàárọ̀, obìnrin ni. Nígbà tí agbẹ̀bí gbé e lé mi láyà, mo ti di ojú pọ̀. Ọmọ náà fi imú wá mi. Kò bèèrè bóyá mo mọ̀ ọ́n tàbí mi ò mọ̀ ọ́n. Ó rí ọmú, ó gbá a mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á bí ẹni tí wọ́n ti jẹ ní gbèsè láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi pẹ̀lú ẹkún. Mo la ojú láti wá ìyá mi. Ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìborùn, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì wọlé.

A délé. Omi gbígbóná ti wà nínú bàsíà, ọṣẹ dúdú ti wà níbẹ̀, kàn-ìn-kàn-ìn, òrí. Ìyá mi ti tẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Ó gbé àpótí ìjókòó kan síwájú bàsíà, mo sì fẹ́ gbé ọmọ fún un. Ó sún sẹ́yìn.

"Àna mi," ni ó wí, "ẹ wá jókòó síbí."

Ọkọ mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

"Ẹ jókòó. Ẹ na ẹsẹ̀. Ẹ gbé e lé itan, kó dojú bolẹ̀. Ẹ má fún un! Ẹ fi apá òsì gbé àyà rẹ̀." Òkèèrè ni ìyá mi ti ń sọ gbogbo èyí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìborùn. Òógùn bo ọkọ mi. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń já ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ kan ṣoṣo ń yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ń ké, ọṣẹ ń wọ ojú bàbá, ìyá mi sì ń fi ẹnu wẹ ọmọ láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ní Ṣakété, wọn ò ní gbà á gbọ́ bí mo bá sọ ọ́. Ojú mi ló rí i, èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́.

"Ìyá," ni mo wí, "kí ló dé tí ẹ ò fi wẹ ọmọ mi?"

"Ọrùn ọwọ́ ni."

"Irọ́ ni."

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi rí. Ọkọ mi tẹ orí ba. Ìyá mi yọ ọwọ́ síta lábẹ́ ìborùn. Ó ti họ. Gbogbo ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti bó, ó pupa láàárín ìka, bí ọwọ́ ẹni tí ń fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

"Mo ti fọ̀ ọ́," ni ó wí. "Kò lọ. Òórùn yẹn ò lọ, ọmọ mi. Mo gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ kà. Tí mo bá fọwọ́ kan ọmọ yìí, tí o wá kọ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ìyá! Ṣé eku ni mí ni?"

"O kì í ṣe eku. Ṣùgbọ́n mo rí bí o ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn. O ò mọ̀ mí."

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ̀rù pé mi ò ní mọ ọmọ mi, ọwọ́ ni ìyá tèmi ń bó lẹ́yìn ilé, torí ó rò pé òun máa pín ìyá àti ọmọ níyà. Mo dìde pẹ̀lú gbogbo ìrora ìdí mi, mo lọ bá a lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo mú ọwọ́ náà. Ó fẹ́ fà á padà, mi ò jẹ́. Mo gbé e bo ojú ara mi, bí ó ṣe fi bò mí lójú lọ́jọ́ tí mo ta á dànù. Lábẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ, ó ṣì wà níbẹ̀: òrí, èéfín ẹja. Òórùn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láyé nìyẹn, kí n tó mọ ojú rẹ̀, kí n tó mọ orúkọ tèmi.

"Òórùn yìí kì í ṣe òórùn àjèjì," ni mo wí. "Òun ni mo fi mọ̀ yín. Òun ni mo fẹ́ kí ọmọ mi máa rùn."

Mo fi ọwọ́ náà ra ojú ọmọ mi bí ó ṣe wà lórí itan bàbá rẹ̀, tòun ti ọṣẹ. Ọmọ náà dákẹ́ wẹ́lo. Ìyá mi wò mí bí ẹni tí ń dúró de nǹkan. Mo tẹ̀, mo fi imú kan orí ọmọ, mo gbóòórùn ìyá mi níbẹ̀, mo sì fi ẹnu kò ó lórí.

"Ẹ dìde níbẹ̀, àna mi," ni ìyá mi wí. "Ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó gba ọmọ rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná pa á lára, ó nà án, ó ká a, ó fi òrí ra á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú un ní apá kan ṣoṣo, ó gbé e sókè, ọmọ ń rọ̀ dirodiro, ó tún mú un ní apá kejì. Ó sọ ọ́ sókè, ó sì hán an. Ọkọ mi figbe ta, ó di orí mú, ó ń wá pọ́tábù rẹ̀ kiri. Èmi àti ìyá mi kò wẹ̀yìn.